Irun Tí Mo Ń Bẹ̀rẹ̀ Láti Etí Òsì

Ọlọ́wọ́ òsì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ irun. Ohun tó tú àṣírí mi nìyẹn.

Tó bá fẹ́ dirun, á jókòó sórí àga gíga, á fi orúnkún méjèèjì gba èjìká oníbàárà mú, á sì fa ìlà àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn etí òsì. Àwa ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń gbálẹ̀, àmọ́ ohun tí ojú wa rí ni ọwọ́ wa kọ́. Gbogbo wa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí òsì. Tí a bá sì di ṣùkú tán, a kì í jẹ́ kí ìrù irun náà máa fì lókè orí bíi ti àwọn yòókù. A máa ń ká a wọlé, a ó fi òwú dúdú dì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó sì ki orí òwú náà sábẹ́ ìlà kejì láti òsì, kí ojú má baà rí i. Ní gbogbo Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n rántí, n kò rántí.

Oǹdó ni wọ́n bí mi sí. Ìwé mi dúró ní kíláàsì kejì girama lọ́dún tí bàbá mi kú, ìyá mi sì ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ní Àkúrẹ́, torí pé àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ kì í jẹ́ kí irun wọn gbó. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Arákálẹ̀. Èmi ń gbé ní Ìsìkàn, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìyá àgbà kan tí ìyá mi mọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ni gbogbo àwa ayálégbé ń pè é. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi. Nígbà tí kòrónà dé, ó ku oṣù mẹ́ta péré kí n ṣe fírídọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbé ọwọ́ lé ọmọṣẹ́ lórí, tí á gbàdúrà fún un, tí á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí níwájú ẹgbẹ́ àwọn onírun, kó lè dá dúró. Ìyá mi ti rán aṣọ léèsì funfun tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀ ní Oǹdó.

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Oníbàárà kan bi ọ̀gá mi léèrè lójú mi rí pé ṣé ọmọ yìí yadi ni. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó yadi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́ràn." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé òun nìkan ni ìyìn tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta.

Ìjọba wá ní kí oníkálukú jókòó sílé. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ilé ìwé. Wọ́n ti ọjà náà, àfi ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń ṣí i kí aráàlú lè ra oúnjẹ. Wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀bù onírun lórí rédíò pé kò gbọdọ̀ ṣí rárá. Lọ́jọ́ tí a tì í, ọ̀gá mi tò wá sójú kan bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ lọ sílé o. Ẹ máa fọ ọwọ́ yín dáadáa. Kí ẹ sì ká ọwọ́ náà kò. Tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan nínú yín ń ṣe píípì, èmi àti ẹ̀ ni."

Píípì ni à ń pè é tí ọmọṣẹ́ tí kò tíì ṣe fírídọ̀mù bá ń ṣe irun lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Lójú ẹgbẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó jù ú lọ. Olè ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe é.

Mo dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí" pẹ̀lú àwọn yòókù. Òótọ́ ni mo rò pé mò ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dà bí ìsinmi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ wa. Bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń gbé yàrá iwájú gbé rédíò rẹ̀ sójú fèrèsé, ó ń ka iye ẹni tó kó àìsàn sí wa létí bí ẹni ń ka èsì ìbò. Ìyá alákàrà ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ẹni tó ti máa ń dáná àkàrà ní gáréèjì láti ìdájí ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sídìí kànga, láti ìdí kànga padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó bá èèrà jà. Ó bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yẹn sí orin," ló máa ń pariwo. "Ẹ ti fi ikú bọ́ wa yó!"

"Ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n ń sọ," bàbá á dáhùn.

"Ìlera wo? Àyà mi tó ń já yìí ni ìlera?"

Màmá nìkan ni kò jẹ́ kó dà á láàmú. Ó ní ọjà títì kì í ṣe ohun tuntun ní Àkúrẹ́, wọ́n ti ń tì í fún orò ìlú kí wọ́n tó bí òun. "Àmọ́ tiwa, tílẹ̀ bá ti mọ́, ó tán. Èyí, ilẹ̀ ń mọ́, kò tán. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ká yáa máa gbé inú ẹ̀ bí ulé."

Ulé ni Màmá ń pe ilé, bí ará Àkúrẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo lè fi gbé inú rẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń jí ṣáájú gbogbo wọn, màá fa omi àkọ́kọ́ nínú kànga, èyí tó tutù jù, màá sì mu ife kan nínú rẹ̀ kí n tó bọ́jú. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, mo máa ń sun kóró kaṣú nínú agolo lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ á lé gbogbo wọn wọlé, èmi nìkan á wá jókòó níbẹ̀ láìsí ariwo. Tí mo bá fọṣọ tán, màá ki ẹsẹ̀ bọ omi ọṣẹ tó kù nínú báàfù títí ìka ẹsẹ̀ mi á fi hun jọ. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le fún mi. Àkókò yẹn ni ṣọ́ọ̀bù wa máa ń kún jù, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti ibiṣẹ́ bọ̀. Ìka mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ni mo bá ń tú irun ara mi, mò ń dì í padà láìwo dígí, mò ń fi ìka wá ojú ìlà. Tó bá di ọjọ́ kejì, màá tún tú u.

Màmá ń wò mí láti orí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Ọmọ Oǹdó, orí mélòó lo ní? Àná ṣùkú, òní kólẹ́sẹ̀. Ta lò ń ṣe é fún? Ṣé kòrónà ló fẹ́ wá fẹ́ ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín.

"Wá fi ọwọ́ yẹn ṣe mí lóore. Orí ń yún mi bíi pé èèrà ń ṣèpàdé níbẹ̀."

Mo dúró. Ohùn ọ̀gá mi ń dún létí mi. Mo ní, "Màmá, mi ò tíì gba fírídọ̀mù."

"Èmi náà ò tíì gbà á," ló wí, ó sì ṣí gèlè.

Irun Màmá funfun, ó rọ̀, kò sì pọ̀. Ó jókòó sórí àpótí onígi kékeré kan níwájú mi, àwa méjèèjì fi aṣọ bo imú, mo sì fi òwú dúdú kó o ní ìdì kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí n má baà fà á já. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń fọ orí, mo máa ń tú u, mo máa ń dì í dé ààbọ̀, ọ̀gá mi á sì gbà á lọ́wọ́ mi kó lè parí rẹ̀. Orí Màmá ni àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo sì parí fúnra mi. Kó tó di pé mo dé apá ọ̀tún, Màmá ti sùn lọ lórí orúnkún mi. Mo dá ọwọ́ dúró díẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lọ́jọ́ yẹn, n kò gbọ́ iye tí rédíò kà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá alákàrà ti gbé àpótí náà dání kí aago mẹ́rin tó lù.

"Ṣé onílé nìkan ló lórí nínú ilé yìí ni?" ló bi mí.

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Orí kan lójúmọ́, tó bá di aago mẹ́rin. Obìnrin márùn-ún ló wà nínú ilé náà, tí mo bá ti yí wọn ká tán, orí ẹni àkọ́kọ́ á ti tó tú. Mo wá mọ orí wọn ju bí mo ṣe mọ ojú wọn lọ. Irun ìyá alákàrà wúwo, ó ń rùn bí epo gbígbóná bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dáná àkàrà mọ́. Tó bá jókòó sórí àpótí yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í gbélẹ̀ á wá dákẹ́. Àwọn tó kù á kó máńgòrò jọ, wọ́n á jókòó jìnnà síra wọn bí rédíò ṣe wí, wọ́n á máa mu ún, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. N kò ní láti sọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi wà láàárín wọn, ó tó.

Bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga jáde. Ó ní atẹ́gùn lòun wá gbà.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ di ṣùkú ni?" ìyá alákàrà bi í.

Bàbá fọwọ́ pa apárí rẹ̀. "Ẹ sáà bá mi wá ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Etí òsì ni! Ọmọ yìí, etí òsì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti ronú níbẹ̀ yẹn, n kò ronú.

N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kò sì ṣe orí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa. Obìnrin kan láti ilé kejì kan géètì, ó ní òun gbọ́ pé onírun wà níbí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, àrùn ń bẹ níta. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe àrùn nìkan ni mò ń sá fún. Mo ti bá ara mi sọ ọ́: kànga kan náà la ń fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la ń gbá, ẹni tó bá ṣe irun ará ilé rẹ̀ kò ṣe píípì. Mo gba ara mi gbọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá alákàrà jáde lọ ra ẹ̀wà. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni mo di ṣùkú fún un, mo sì fara balẹ̀ dì í, torí pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Nígbà yẹn, kò sí obìnrin tí irun rẹ̀ gún ní Àkúrẹ́. Ìborùn, fìlà, gèlè tó ti ṣá, ohun tí kálukú bá rí ló fi ń bo orí. Ìyá alákàrà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe dé ọjà, ó ṣí gèlè, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó sì gba àárín wọn kọjá bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ìdùnnú ló gbé e padà wálé. Ó ju àpò ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ọmọ Oǹdó! Mo ti polówó rẹ o! Gbogbo wọn ń wò mí. Obìnrin kan tiẹ̀ dá mi dúró nídìí ata, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n yí ìpàkọ́ sí òun. Ó wò ó, ó wò ó. Ó fi ìka kan ibí yìí." Ó fọwọ́ kan ìlà kejì láti òsì. "Ó ní ta ló ṣe é. Mo ní ọmọ ilé wa ni, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí, ọmọ Oǹdó. Ó ní níbo. Mo júwe ilé fún un títí dé géètì. Ó máa wá!"

Omi tí mo gbé dání dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ọwọ́ wo ló fi kàn yín lórí?"

"Kí ló kàn mí pẹ̀lú ọwọ́ tó..." Ó tún fi ìka kan ìpàkọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ òsì."

Ọ̀gá mi wá lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́rin. Orí Màmá wà láàárín orúnkún mi. Mo rí i ní géètì, ìbòmú wà lójú rẹ̀, àmọ́ mo mọ ìrìn rẹ̀. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn Màmá, ìyarun lọ́wọ́ kan, irun rẹ̀ lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí."

"Má kí mi." Ó yí orí Màmá ká bí ẹni ń wo ọjà. Ó wo ìyá alákàrà tó ti ń wá ibi tó máa wọ̀. "Ọwọ́ mi nìyí. Ọwọ́ mi nìyẹn náà. Èmi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sílé, gàrí lèmi àtàwọn ọmọ mi ń mu láàárọ̀ lálẹ́. Ìwọ wá ń pín ọwọ́ mi kiri Ìsìkàn."

"Ìwọ obìnrin yìí," Màmá ní, kò yíjú, torí pé irun rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. "O wọ ulé mi, o ò kí mi. Orí mi lò ń bú yẹn o. Ọmọ náà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa."

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà, ẹ má bínú. Tó bá gbowó ni, ìbá sàn. Ọ̀fẹ́ ló ń ṣe! Tí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, ta ló máa sanwó fún ohun tó ti ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́?"

N kò ronú kan ìyẹn rí. Títí di òní, mo ṣì gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó wá kọjú sí mi. "Gbọ́. Tí wọ́n bá ní ká ṣí, wàá wá. Wàá kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, wàá ní, 'Mo jí iṣẹ́ ọ̀gá mi, olè ni mí.' Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mi ò ní fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ rẹ. Màá ṣe fírídọ̀mù fún ẹ bó ṣe yẹ. Àmọ́ tí o ò bá sọ ọ́, gbàgbé ìwé ẹ̀rí."

Ó yí padà. Ìborùn rẹ̀ ti sún sókè, mo sì rí irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ti dì pọ̀, ó ti pupa, ó ti tó oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Inú ń bí mi gidi gan-an. Síbẹ̀ ó wù mí kí n pè é padà, kí n ní kó jókòó, kí n tú u fún un.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo pe ìyá mi lórí fóònù.

"Sọ ọ́," ìyá mi ní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Tó o bá sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Màámi, mi ò jalè."

"Ta ló ní o jalè? Mo ní kó o sọ ọ́! Ọdún mẹ́ta! Aṣọ funfun wà nínú àpótí! Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó o sọ ni o ò ní sọ?"

"Torí pé mi ò kì í sọ púpọ̀ ni, mà. Díẹ̀ tí mo bá sọ, ó yẹ kó jẹ́ òótọ́."

Ó pa fóònù. Kò gbé ìpè mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyá alákàrà dín àkàrà fún èmi nìkan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi, kò lè wò mí lójú. Bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba ní òun lè bá mi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, kí òun kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, mò ń ro ọ̀rọ̀ náà. Mo wá a kiri bóyá màá rí olè nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó jọ olè níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣe é.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo gbé àga mi láti abẹ́ igi máńgòrò lọ síwájú ilé, lójú títì. Mo gbé àpótí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo padà lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá alákàrà.

"Ẹ bọ́ síta, mà. Ó kàn yín."

"Níwájú ilé? Kí gbogbo ayé máa wò wá?"

"Kí wọ́n máa wò wá."

Ó wò mí bíi pé kò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ Oǹdó," ó sì jáde. Àwọn tó ń kọjá wò wá lóòótọ́. Ìlà méjì àkọ́kọ́ wọ́, mo tú wọn, mo tún wọn fà. Ìlà kẹta gún. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi ṣí ìlú, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí mo padà sẹ́yìnkùlé, àfi tí òjò bá rọ̀.

Wọ́n ní kí àwọn onírun máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá mi ránṣẹ́ sí mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Arákálẹ̀, èrò méjì péré ni wọ́n ń gbé sẹ́yìn nígbà yẹn, àyè gbà mí. Òórùn ìpara irun àti dígí tó ti kún fún eruku ló kọ́kọ́ kí mi. Àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́ta yòókù ti wà níbẹ̀, wọ́n to ara wọn mọ́ ògiri. Ọ̀gá mi jókòó sórí àga gíga rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara mi láti Ìsìkàn.

"Àǹtí, ẹ kọ́ mi níṣẹ́, mo dúpẹ́. Ẹ ní ká má ṣe irun, mo ṣe é. Mo tàpá sí ọ̀rọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ará ilé mi ni mo ṣe é fún, n kò sì gba nǹkan kan."

"Ó kù," ló wí.

"Kò kù, mà."

"Mo ní kó o sọ ọ́."

"Rárá, mà."

N kò mọ̀ pé ohùn mi lè jáde báyẹn. Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀. Mo rò pé bóyá ó máa gbá mi létí, bóyá ó máa rẹ́rìn-ín. Kò ṣe èyíkéyìí.

"O ò ní gba ìwé lọ́wọ́ mi o. Láyé mi, o ò ní gbà á."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo dìde. Mo mú ìyarun mi nínú agolo tí gbogbo wa ń kó wọn sí, torí pé ìyá mi ló rà á fún mi. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pe orúkọ mi. Mo yíjú padà. Mo rò pé ó ń retí kí n bẹ òun sí i. Èmi náà dúró díẹ̀, n kò mọ ohun tí mò ń retí. Lẹ́yìn náà, mo lọ.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, Màmá ní kí n gbé àpótí onígi yẹn dání lọ sí Oǹdó. Ó ní gbogbo ìdí ilé òun ló ti mọ̀ ọ́n, kò ní ṣàjèjì sí ìdí ẹlòmíì. Ìyá alákàrà sunkún títí dé gáréèjì, ó sì bá awakọ̀ jà pé kó má gbé ẹrù lé àpótí mi lórí.

Títí di òní, n kò ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn oníbàárà mìíràn máa ń wo ògiri ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí ní Oǹdó, wọ́n á bi mí pé níbo ló wà. Màá ní n kò ní in. Àwọn kan á dìde. Àwọn tó bá jókòó, màá ṣe irun wọn. Ẹgbẹ́ ti wá lẹ́ẹ̀kan láti sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pe ara mi ní ọ̀gá. Mo ní n kò pe ara mi ní nǹkan kan, irun ni mò ń ṣe.

Àmọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ti dé Oǹdó fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi kò tíì bá mi sọ ju "jẹun" àti "sùn" lọ. Ní aago mẹ́rin, mo gbé àga síwájú ilé lábẹ́ òrùlé, mo gbé àpótí sílẹ̀, mo jókòó. Kò sí oníbàárà. Mo jókòó bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi jáde. Ó gbé aṣọ léèsì funfun náà lọ́wọ́.

"Wọ̀ ọ́," ló wí. "Mi ò rán an fún kòkòrò."

"Màámi, kò sí nǹkan tí à ń ṣe."

"Mo ní kó o wọ̀ ọ́."

Mo wọlé lọ wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo jáde, ó ti jókòó sórí àpótí, ó ti ṣí gèlè. Mo fa ìlà àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn etí òsì.

Ó mọ̀ ọ́n lára. "Obìnrin yẹn lé ẹ, o ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti apá tiẹ̀?"

"Apá tèmi ni, mà. Ẹ gbé orí sókè."

Ó gbé e sókè. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ó wo léèsì funfun mi, ó wo ìyá mi tó jókòó sórí àpótí, ó wo ọ̀nà méjèèjì bóyá èrò ń bọ̀.

"Ṣé ẹ ń ṣe nǹkan ni?" ló bi wá.

"Fírídọ̀mù," ìyá mi dáhùn.

"Ọ̀gá rẹ̀ dà?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ ṣe ọ̀gá rẹ̀ ni? Máa lọ ilé rẹ jàre, ó ń fa irun mi lọ́wọ́."